Kí ló gbé Òṣómàáló dìde lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè?

Ọmọ Iléṣà kan tó ń ka sósíọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí ló kọ ìbéèrè yìí sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Projẹ́ẹ̀tì mi dá lórí ìdí téèyàn fi ń ṣe nǹkan tó ń ṣe. Ní kíláàsì, Weber àti Durkheim, àwọn onísósíọ́lọ́jì òyìnbó méjì, ni wọ́n kọ́ wa, pé àwùjọ ló ń darí èèyàn, àti ìtumọ̀ téèyàn fún nǹkan tó ń ṣe. Tí mo bá dé ilé kéwú lọ́jọ́ Sunday, ààfáà wa á ní àníyàn, ìyẹn ohun téèyàn gbèrò lọ́kàn, ni gbogbo ẹ̀, wọ́n á tún ní kádàrá ni gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kí n kọ? Ṣé wọ́n ń bára wọn jà ni, àbí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ lédè méjì?"

Ọmọ mi, o ṣeun tóo béèrè. Wọn ò bára wọn jà tó bóo ṣe rò ó, ọ̀rọ̀ kan náà kọ́ sì ni wọ́n ń sọ. Èyí tó máa ń dùn mí jù nínú àwọn projẹ́ẹ̀tì tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á fa ìlà sí àárín ìwé, á kó òyìnbó sápá kan, á kó Ìsìláàmù sápá kejì, á wá kọ ọ́ pé àwọn tibí ò gba Ọlọ́hun gbọ́, àwọn tọ̀hún gbà á gbọ́, ó parí. Kò parí o, kò tíì bẹ̀rẹ̀ gan-an, torí ẹni tó bá ka ìyẹn ò tíì mọ nǹkan kan sí i nípa ìṣe ọmọ èèyàn. Jẹ́ kí n fi nǹkan tí mo fojú ara mi rí ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà sáà ni ẹ́.

Bàbá tó bí ìyá mi, Òṣómàáló ni wọ́n. O ti gbọ́ nípa wọn, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, tí ọjọ́ bá pé wọ́n á padà wá gbowó, ẹni tí ò bá sì rówó san, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, "òṣó ni mo máa ló títí ma fi gba owó mi", ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n mú mi dání lọ sí abúlé kan lágbègbè Àkókó. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tá a fi débẹ̀. Wọ́n kírun àsùbáà lórí ẹní kékeré kan tó máa ń wà nínú ẹrù aṣọ wọn, wọ́n ká ẹní, wọ́n lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin tó jẹ wọ́n lówó. Agboòrùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìwé gbèsè wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Ọmọdébìnrin kan yọjú, ó ní bàbá òun ò sí nílé, bẹ́ẹ̀ sì là ń gbọ́ tí bàbá ẹ̀ ń wúkọ́ nínú yàrá. Ilẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn ń kọjá lọ sóko, wọ́n á wo ilé yẹn, wọ́n á wò wá. Nígbà tó yá, ìyàwó ilé gbé abọ́ jáde, ó da gààrí sí i, kò ju ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ, ọmọ mẹ́rin ló sì yí abọ́ yẹn ká. Bàbá àgbà wo abọ́ yẹn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá dìde, wọ́n gbọn eruku lára ṣòkòtò wọn, wọ́n ní "ó yá, jẹ́ ká máa lọ." A ò gba kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò béèrè lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì sọ fún mi.

Kí ló gbé wọn dìde? Projẹ́ẹ̀tì ẹ gan-an nìyẹn.

Ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Max Weber, ará Jámánì ni, wọ́n bí i ní 1864, ó kú ní 1920. Ohun tó ń wá ni ìtumọ̀ tí ẹni tó ń ṣe nǹkan fún nǹkan tó ń ṣe. Tí apá mi bá ṣàdédé gbọ̀n, ìyẹn kì í ṣe ìṣe, ara ló gbọ̀n. Tí mo bá juwọ́ sí ẹ, ìṣe nìyẹn, mo ní nǹkan lọ́kàn. Ó wá ní kì í ṣe gbogbo ìṣe náà ló jẹ́ ti àwùjọ, àfi èyí téèyàn bá fi ro ti ẹlòmíì mọ́ ọn. Òun fúnra ẹ̀ fi agboòrùn ṣàpẹẹrẹ: tójò bá dé tí gbogbo èèyàn ṣí agboòrùn lẹ́ẹ̀kan náà, a ò lè pe ìyẹn ní ìṣe àwùjọ, òjò ni kálukú ń sá fún. Ó tún sọ ti àwọn oníkẹ̀kẹ́ méjì tó kọlu ara wọn, èmi á sọ pé ọlọ́kadà méjì ní Lágere. Kíkọlù tí wọ́n kọlu ara wọn, jàǹbá ni, kò yàtọ̀ sígi tó wó lulẹ̀. Àmọ́ tí ọ̀kan bá ti gbìyànjú láti yà fún èkejì, tàbí tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn, a ti wọnú ìṣe àwùjọ nìyẹn.

Ó wá pín in sọ́nà mẹ́rin. Ẹnì kan lè ṣe nǹkan torí ó ti ṣírò ẹ̀, ó mọ ibi tóun ń lọ, ó mọ ọ̀nà tó máa gbé òun débẹ̀. Ẹnì kan á ṣe é torí ohun tó gbà pé ó tọ́, ì báà já sí àdánù. Ẹlòmíì, inú ló bí i, tàbí àánú ló ṣe é, tàbí ìfẹ́. Ẹnì kẹrin, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn nìyẹn, kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wá gbé bàbá àgbà mi lé e. Bóyá wọ́n ṣírò ẹ̀ pé ẹni tí ò rí gààrí jẹ ò lè rówó aṣọ san, kí àwọn kúkú lọ sọ́dọ̀ onígbèsè míì kílẹ̀ tó ṣú, bí iṣẹ́ ò bá pẹ́ni a kì í pẹ́ṣẹ́. Bóyá wọ́n gbà pé kò dáa kéèyàn jókòó ti ọmọ tí ebi ń pa. Bóyá àánú lásán ló ṣe wọ́n. Bóyá láàárín àwọn Òṣómàáló ìgbà yẹn, ó ti di àṣà pé téèyàn bá rí irú ẹ̀, ṣe lèèyàn máa ń dìde. Weber fúnra ẹ̀ sọ pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í sábà dá dúró, wọ́n máa ń lọ́ pọ̀ mọ́ra ni, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bínú tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé èèyàn kan sínú àpótí kan tó tì í pa.

Mo fẹ́ràn Weber gan-an, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ó kọ́ mi láti bọ̀wọ̀ fún ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíì kí n tó ṣàlàyé ẹ̀. Àmọ́ nǹkan kan wà nínú ìwé ẹ̀ tí kò yẹ kí mùsùlùmí kà kó má dúró. Ó ní ìrun tí ẹnì kan dá kí níkọ̀kọ̀, kì í ṣe ìṣe àwùjọ. Kò bú ìrun o, kò ní kò dáa. Ó kàn ń fa ààlà sóko tiẹ̀ ni: ibi tí kò bá ti sí ẹnì kejì, iṣẹ́ mi ò débẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Weber ní kò sí Ọlọ́hun ti parọ́ mọ́ ọn. Ibi tí mo ti bá a jà ni àwọn ibi tó ti sọ̀rọ̀ Ìsìláàmù bí ẹni pé ẹ̀sìn jagunjagun lásán ni, ó sì kú kó tó kọ odindi ìwé lórí ẹ̀ bó ṣe kọ ti àwọn ẹ̀sìn míì. Àwa tí oníṣòwò àti ààfáà gbé Ìsìláàmù wá bá nílẹ̀ Yorùbá níbí, tí a mọ̀ pé Ánábì Muhammad fúnra ẹ̀ bá Khadija, tó padà di ìyàwó ẹ̀, ṣòwò, a ò lè gba ìyẹn.

Ti Durkheim ò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Ará Faransé ni, 1858 sí 1917. Tiẹ̀ ni pé kí ó tó di pé wọ́n bí ẹ ni àwùjọ ti wà, òfin ẹ̀ wà, èdè ẹ̀ wà, tóo bá kọ̀ ọ́ o máa rí ìjà ẹ̀. Ní 1897 ó gbé ìwé jáde lórí àwọn tó ń pa ara wọn, ó mú nǹkan tó dà bíi pé ó jẹ́ àṣírí ẹnì kan ṣoṣo, ó fi hàn pé ẹ̀sìn téèyàn ń ṣe, bóyá ó ní ẹbí, bóyá ó lọ́kọ tàbí aya, gbogbo ẹ̀ wà nídìí ẹ̀. Tó bá rí bàbá àgbà mi, kò ní bi wọ́n léèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn rárá. Á béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ Ìjẹ̀ṣà ló ń lóṣòó, kí ló dé tí ìtìjú ará àdúgbò fi tó láti gba owó lọ́wọ́ èèyàn láì sí ọlọ́pàá, láì sí kóòtù. Ìbéèrè gidi ni. J.D.Y. Peel, òyìnbó tó ṣèwádìí ní Iléṣà, tó gbé ìwé jáde lórí àwọn Ìjẹ̀ṣà ní 1983, wá a kà, á wúlò fún ẹ níbẹ̀.

Ó wá kan ààfáà yín. Hádíìsì àníyàn yẹn, èyí tó ní àníyàn ni wọ́n fi ń wo iṣẹ́, Umar ọmọ Khattab, ọmọlẹ́yìn Ánábì, ló gbà á wá látẹnu Ánábì, òun ni Bukhari fi ṣíwájú gbogbo ìwé hádíìsì ẹ̀, òun náà ni Nawawi fi ṣe àkọ́kọ́ nínú Ogójì Hádíìsì ẹ̀. Wọ́n máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nínú wáàsí, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyókù yẹn ni sósíọ́lọ́jì ẹ̀ wà. Àwọn èèyàn kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà. Ojú ọ̀nà kan náà, oòrùn kan náà, òùngbẹ kan náà. Ẹni tó lọ torí Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ ẹ̀, ìrìn ẹ̀ jẹ́ ti Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tó lọ torí ayé tó fẹ́ rí kó jọ tàbí obìnrin tó fẹ́ fẹ́, ohun tó bá lọ ni tiẹ̀. Tí ìwọ pẹ̀lú bírò àti ìwé ẹ bá dúró sẹ́bàá ọ̀nà yẹn, ìrìn kan ṣoṣo lo máa kọ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, méjì ni.

O lè sọ pé ohun tí Weber sọ náà kọ́ nìyẹn, ìtumọ̀ tó wà lọ́kàn oníṣẹ́? Ó jọ ọ́, mo gbà. Àmọ́ wo ibi tó ti yà. Ìtumọ̀ tí Weber ń sọ, èèyàn ló lè lóye ẹ̀ láti ara èèyàn bíi tiẹ̀, o lè wádìí, o lè béèrè, o lè fi ara ẹ sípò ẹ̀. Àníyàn, ẹlẹ́rìí ẹ̀ kì í ṣe èèyàn. Ẹni tó ní in gan-an lè máà mọ̀ ọ́n. Hádíìsì kan wà nínú ìwé hádíìsì tí Muslim kó jọ, nípa àwọn ẹni mẹ́ta tí wọ́n máa kọ́kọ́ dájọ́ fún lọ́jọ́ Àjíǹde: ẹni tó kú sójú ogun, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ tó ń ka Àlùkùránì, àti ẹni tó náwó fún oore. Gbogbo ìwádìí rẹ nílé ayé máa sọ pé èèyàn dáadáa ni wọ́n. Àmọ́ Ọlọ́hun á ní kí wọ́n fi ojú wọ́ wọn wọ iná, torí kí wọ́n lè máa pè é ní akíkanjú, kí wọ́n lè máa pè é ní onímọ̀, kí wọ́n lè máa pè é ní ọ̀làwọ́, ìyẹn ló torí ẹ̀ ṣe é, wọ́n sì ti pè é bẹ́ẹ̀ láyé. Ṣekárími. Mo ti ń gbọ́ hádíìsì yìí láti kékeré, ẹ̀rù ẹ̀ ò tíì kúrò lára mi, èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ èèyàn níṣẹ́ tí wọ́n ń pè mí ní onímọ̀.

Ibòmíì tó tún ti yà ni ibi tí ìṣe ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Nínú sósíọ́lọ́jì, èrò oore tí o ò rọ́nà ṣe, kò sí ẹni tó máa kà á fún ẹ bí ìgbà tóo ṣe é. Nínú hádíìsì, ẹni tó gbèrò oore tí kò rọ́nà ṣe é, wọ́n ti kọ láádá, ìyẹn èrè ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, kan tó pé fún un, tó bá ṣe é, mẹ́wàá títí dé ọgọ́rùn-ún méje. Ẹni tó sì ti kú, iṣẹ́ ẹ̀ ṣì lè máa lọ: sàráà tó ń ṣàn, ìmọ̀ tí wọ́n ń jàǹfààní ẹ̀, ọmọ rere tó ń ṣe àdúà fún un. Ìrun inú òkùnkùn tí Weber fi sílẹ̀ lẹ́yìn ààlà wá di èyí tó wúwo jù, torí pé kò sí ẹni tó ń wo onítọ̀hún.

Ìdájọ́ wá ńkọ́? Weber ní kí onísósíọ́lọ́jì má ki ìdájọ́ tiẹ̀ bọ inú ìwádìí, kó sọ ohun tó rí. Mo rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀, torí ẹni tó ń yára dájọ́ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn onífíkìhì, ìyẹn àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù, tóo bá ti sọ̀rọ̀ ìṣe láì sọ ipò ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò tíì pé: ṣé dandan ni, ṣé èyí tó dáa kéèyàn ṣe ni, ṣé ó bá a ṣe ó bá a fi sílẹ̀ ni, ṣé èyí tí kò wuyì ni, àbí háráámù. Padà sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Súúrà Bákárà, ẹsẹ 280, sọ pé tí onígbèsè bá wà nínú ìnira, ẹ fún un láyè dìgbà tí ọwọ́ ẹ̀ bá dẹ, tẹ́ ẹ bá sì fi ṣe sàráà, ó dáa fún yín jù. Ánábì sì sọ níbòmíì pé ẹni tó lówó lọ́wọ́ tó ń fi sísan gbèsè falẹ̀, àbòsí ló ń ṣe. Ṣóo rí i? Lílóṣòó kan náà ni, ẹnu ọ̀nà ọlọ́rọ̀ tó ń fara pamọ́, ẹ̀tọ́ ni, ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń pín gààrí ẹ̀kúnwọ́ méjì fún ọmọ mẹ́rin, ó ti di nǹkan míì. Weber ò lè sọ ìyẹn fún ẹ, kò sì ṣèlérí ẹ̀. Tí bàbá àgbà mi bá dìde torí ẹsẹ yẹn, ìjọ́sìn ni wọ́n ṣe. Tó bá jẹ́ torí ojú àwọn tó ń kọjá lọ sóko ni, àwọn ará oko ló ni í.

Jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ kádàrá tí wọ́n sọ fún ẹ yìí. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ààfáà yín, kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá ti gbé orí àti àkúnlẹ̀yàn wọnú kádàrá, tí mùsùlùmí Yorùbá bá ní "kádàrá mi ni", ìdajì ẹ̀ Àlùkùránì ni, ìdajì ẹ̀ ọ̀dọ̀ Àjàlá tó ń mọ orí ló ti wá, ó sì yẹ kóo kọ ìyẹn sínú projẹ́ẹ̀tì ẹ torí ibi tó dùn jù nìyẹn. Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù ti jà lórí ẹ̀ tipẹ́. Àwọn Jabriyya ní èèyàn dà bí ìyẹ́ nínú atẹ́gùn. Àwọn Mu'tazila ní èèyàn ló ń dá ìṣe ẹ̀. Ash'ari, tó kú ní nǹkan bí 936, tóun náà ti wà nínú Mu'tazila títí ó fi tó bí ẹni ogójì ọdún, ní Ọlọ́hun ló ń ṣẹ̀dá ìṣe, èèyàn ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ gbà á, kasb ni wọ́n ń pè é, ohun tóo sì gbà ni wọ́n máa bi ẹ́ léèrè.

Àmọ́ èyí tí mo máa ń sọ fún èèyàn ni ti Umar yẹn náà, nígbà tó ti di olórí àwọn mùsùlùmí. Ó ń lọ sí Ṣáámù, ìyẹn agbègbè Síríà, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ̀ ọ́. Ó ní ká padà. Abu Ubaida, ọ̀gágun ẹ̀, bi í pé, ṣé kádàrá Ọlọ́hun lẹ fẹ́ sá fún ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, à ń sá látinú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó ní tóo bá da ràkúnmí rẹ dé àfonífojì kan, tí ẹ̀gbẹ́ kan tutù tí ẹ̀gbẹ́ kejì gbẹ, níbi tútù àti níbi gbígbẹ, èwo lo fi í jẹ̀ tí kì í ṣe kádàrá Ọlọ́hun? Wò ó, ẹni tó ṣírò ẹ̀ nìyẹn, ọ̀nà àkọ́kọ́ Weber gan-an, ó sì wà nínú kádàrá pátápátá. Má wá torí ẹ̀ kọ ọ́ pé kádàrá ni ohun tí Durkheim ń pè ní àwùjọ o, mo ti rí i nínú iṣẹ́ ẹnì kan. Àwùjọ ò mọ̀ ẹ́. Ọlọ́hun mọ̀ ẹ́.

Má sì jẹ́ kí wọ́n tàn ẹ́ pé Ìsìláàmù ò ní sósíọ́lọ́jì tiẹ̀. Ibn Khaldun, tí wọ́n bí ní Tunis ní 1332, ti kọ ìwé Mukadima ẹ̀ ní 1377, ó ní ohun tó bá ti mọ́ èèyàn lára ló ń bí i, kì í ṣe àdámọ́ ẹ̀, ó sì tú ìdí asabiyya, ìyẹn okùn tó ń so àwọn èèyàn pọ̀ tí wọ́n fi ń gba ìjọba, àti bó ṣe ń já. Nílùú Ifẹ̀ tóo wà yìí náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínsọlá Akìwọwọ ti mú àṣùwàdà látinú ẹsẹ Ifá, ó gbé e síwájú àwọn onísósíọ́lọ́jì àgbáyé ní 1986, pé ìwà, ìyẹn gbogbo ohun tó wà, ló ń kó ara ẹ̀ jọ, pé ìṣùpọ̀ lẹ̀dá ń gbé. Òun kì í ṣe Weber, kì í sì í ṣe ti kéwú. Ìlà tí wọ́n ń fà sí àárín ìwé yẹn ti já nìyẹn.

Bàbá àgbà ti kú tipẹ́. Ìwé gbèsè wọn bọ́ sọ́wọ́ ìyá mi, nígbà tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní Weber ni mo tó lọ wá orúkọ ọkùnrin Àkókó yẹn níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀ wà, iye yáàdì wà, owó wà ní pọ́n-ùn àti ṣílè. Gbogbo gbèsè tó wà lójú ewé yẹn ni wọ́n ti fi ìlà fà pé ó ti wọlé. Tiẹ̀ nìkan ni wọn ò fà, wọn ò sì kọ nǹkan kan sí iwájú ẹ̀. Bóyá wọ́n ṣì ń retí owó yẹn, bóyá wọ́n ti fi ṣe sàráà tí wọn ò fẹ́ kí ìwé pàápàá mọ̀, mi ò lè sọ fún ẹ títí di òní.

Torí náà, da ìlà àárín ìwé yẹn nù, òyìnbó sápá kan, Ìsìláàmù sápá kejì. Mú ìṣe kan ṣoṣo, má mú ju ọ̀kan lọ. Lọ sí ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà, bá àwọn ìyá aláṣọ tó jẹ́ mùsùlùmí sọ̀rọ̀ lórí gbèsè tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún èèyàn. Má bi wọ́n pé kí ni àníyàn yín, torí hádíìsì ni wọ́n máa kà fún ẹ. Ní kí wọ́n sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ fún ẹ látàárọ̀, ta ló wà níbẹ̀, kí ni onígbèsè wí, kí ni wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n délé, ta ni wọ́n sọ fún. Ẹni tí kò bá fẹ́ dárúkọ onígbèsè, má fipá mú un, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò fẹ́ dárúkọ. Tóo bá ti gba ọ̀rọ̀ ẹni mẹ́rin márùn-ún sílẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi kóo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ chapter four, ma kà á.